Kí Ohùn Ìsàlẹ̀ Má Baà Fọ́: Àlàyé lórí Ámpílífáyà Gìtá Báàsì

Lẹ́tà ni ó bí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí. Olùkọ́ kan tí ó ń kọ́ni ní orin ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Ìkòtún ni ó kọ ọ́. Ó ní àwọn òbí dá owó jọ kí ẹgbẹ́ akọrin ilé-ẹ̀kọ́ lè ra ámpílífáyà fún gìtá báàsì, ó sì bẹ̀ wá pé kí a la òun lóye kí owó náà tó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí yóò fi ẹ̀rọ játijàti há òun lọ́wọ́. Ó fi kún un pé kí a jọ̀wọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, nítorí pé òun ti ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà nínú páálí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ títí, ojú òun ni ó ń kà á, ọkàn òun kò bá a lọ.

Ẹ lè bi mí pé, kí ni ó kan olùkọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ wáyà àti iná? Ó kàn mí ní ọ̀nà méjì, n óò sì sọ méjèèjì.

Èkíní ni ohun tí ojú mi rí. Ní ọjọ́ ìkórè kan ní ìjọ tí mo ń lọ ní Alímòṣọ́, àwọn ìyá ìjọ ti fi oṣù mẹ́jọ dá owó, wọ́n fi ra ámpílífáyà tuntun fún ẹgbẹ́ akọrin. Ẹni tí ó tà á sọ pé 3000 wáàtì ni, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà sí iwájú rẹ̀. Nígbà tí ìdúpẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí àgbà àti èwe ń jó bọ̀ níwájú, báàsì ń dún gbì-gbì, inú gbogbo wa dùn. Kò pẹ́ tí òórùn bí ọ̀rá tí ń jóná gba inú ilé. Lẹ́yìn náà ni èéfín. Ariwo sọ, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ṣí sílẹ̀, ìyá àgbàlagbà kan ṣubú níbẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Iná kò ràn mọ́ aṣọ títa, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n owó oṣù mẹ́jọ ti jóná, àpá sì wà lọ́wọ́ ìyá náà di òní. Gbogbo ènìyàn ní ayédèrú ni wọ́n tà fún wa. Nígbà tí oníṣẹ́ ẹ̀rọ tú u, ó fi hàn wá pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti òǹtajà nìkan. Àwa náà pín nínú rẹ̀. N óò padà sí ibẹ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ohùn. Èdè wa, ohùn ni ó gbé e ró. Ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́, ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀, ọkọ̀ pàápàá yàtọ̀ sí ọ̀kọ̀, kò sì sí ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ju dò, re, mí lọ. Gángan kò ní fáwẹ́lì, kò ní kọ́ńsónáǹtì. Ohùn nìkan ni ó fi ń sọ̀rọ̀ tí a sì ń gbọ́ ọ. Bí báàsì bá wá ń kùn bí ọkọ̀ akóyọyọ tí èéfín dí lọ́nà, oríkì tí akọrin ń ki kò ní yé ẹni tí a ń kì, owó ni yóò kàn máa ná láìmọ ohun tí wọ́n pe bàbá rẹ̀. Mo ti jókòó ní irú òde bẹ́ẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, mo sì mọ ohun tí mo ń wí.

Ohùn ìsàlẹ̀ kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ wa. Gbẹ̀du kò nílò iná mànàmáná kí àyà ènìyàn tó mì. Nínú agbo àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá, agídìgbo, àpótí onígi tí a de irin pẹlẹbẹ mọ́, ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí báàsì ń ṣe lónìí. Ní ti jùjú, nígbà tí Túndé King ń kọ ọ́ ní Èkó ní àwọn ọdún 1930, ẹgbẹ́ kékeré ni, nítorí pé bí ìlù bá pọ̀ jù, yóò bo gìtá àti ohùn ẹnu mọ́lẹ̀. Ní 1949 ni Àyìndé Bákàrè so gìtá tirẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Láti ìgbà náà ni àyè ti ṣí sílẹ̀: bí gìtá ti lè pariwo, ìlù náà lè pọ̀ sí i, gángan lè wọlé, agbo lè fẹ̀. Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1970, tí Ebenezer Obey àti Sunny Adé gba òde kan, gìtá ti pọ̀ nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, báàsì sì ti di òpó àárín ilé. Àwọn ènìyàn a máa rò pé ẹ̀rọ ba orin ìbílẹ̀ jẹ́. Èrò tèmi ni pé ẹ̀rọ ni ó jẹ́ kí ìlù ìbílẹ̀ tún pọ̀ sí i nínú jùjú, bí ẹ̀rọ náà bá ti dára.

Ní Amẹ́ríkà, Leo Fender gbé gìtá báàsì tí ó pè ní Precision Bass jáde ní 1951, ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ámpílífáyà tí wọ́n ṣe fún un, Bassman, jáde. Ẹ wo bí ó ti tètè rí: gìtá báàsì kò lè dá rìn. Ní 1969, ilé-iṣẹ́ Ampeg ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní SVT, 300 wáàtì, gílóòbù onígbáná mẹ́rìnlá ni ó wà nínú rẹ̀, ọkùnrin méjì ni ó ń gbé e. Lónìí, èyí tí ó ní agbára tó bẹ́ẹ̀ wà tí ọmọdé lè gbé sínú àpò ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. A óò sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Kí wá ni ámpílífáyà ń ṣe? Ọ̀pọ̀ rò pé ó ń mú ohùn kékeré ni, ó sì ń fẹ̀ ẹ́ bí ẹni fẹ́ rọ́bà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń ti ara okùn gìtá wá kéré púpọ̀, kì í sábà tó fóòtì kan. Agbára tí ó ń mi sípíkà kì í ṣe ti gìtá rárá, iná ara ògiri ni. Iṣẹ́ ámpílífáyà ni láti dúró lẹ́nu iná náà bí ẹni tí ó di ẹnu ẹ̀rọ omi mú, kí ó máa ṣí i, kí ó máa pa á dé, gẹ́gẹ́ bí ìgbọ̀n okùn ti pàṣẹ fún un. Ẹ jẹ́ kí a di èyí mú ṣinṣin, nítorí òun ni yóò la gbogbo ìyókù yé wa: ohun tí kò bá wọlé láti ara ògiri kò lè jáde láti ẹnu sípíkà.

Ẹ̀rọ báàsì ní apá mẹ́ta. Apá kìíní ń gba ohùn láti ara gìtá, ó sì ń tún un ṣe, níbi tí a ti ń dín in kù tàbí fi kún un. Apá kejì ni ámpílífáyà agbára gan-an. Apá kẹta ni àpótí sípíkà. Nígbà mìíràn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wà nínú àpótí kan ṣoṣo. Nígbà mìíràn, méjì àkọ́kọ́ á wà papọ̀, sípíkà á dá dúró. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, tí wọ́n fi ámpílífáyà ńlá oníhò méjì, irú èyí tí àwọn tí ń yáni ní ẹ̀rọ òde ń lò, ṣe apá kejì. Èyí dára fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò, ṣùgbọ́n òun náà ni ó ń jóná jù, nítorí pé àyè àṣìṣe pọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wáàtì ni wọ́n fi ń rẹ́ni jẹ jù. Okùn tí ó nípọn jù lára báàsì olókùn mẹ́rin ń gbọ̀n nígbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti olókùn márùn-ún, nígbà 31. Etí ọmọ ènìyàn kò yá sí ohùn tí ó lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Fletcher àti Munson ti wọ̀n ọ́n láti 1933, wọ́n sì rí i pé ohùn ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ lágbára ju ohùn àárín lọ gan-an kí etí tó gbà pé wọ́n dọ́gba. Ìdí nìyí tí 50 wáàtì fi lè tó gìtá olóhùn òkè nínú gbọ̀ngàn tí báàsì ń fẹ́ 200 tàbí 300. Ẹni tí ó bá so báàsì mọ́ ẹ̀rọ gìtá kékeré ń fi ẹṣin ṣe iṣẹ́ ọ̀kadà ni.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá dẹ́rù bà yín. Bí ẹ bá kúrò ní 200 wáàtì bọ́ sí 400, ohùn kò di ìlọ́po méjì. Desibẹ́ẹ̀lì mẹ́ta péré ni ó fi lé, etí yóò kàn mọ̀ pé ó gbéra díẹ̀ ni. Kí ohùn tó dà bí ìlọ́po méjì létí, wáàtì gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà, ẹni tí ó fi owó kún owó nítorí kí ó lè kúrò ní 300 bọ́ sí 400 kò rí nǹkan kan rà. Ì bá fi owó náà ra sípíkà tí ó sàn jù tàbí kí ó fi ìkejì kún un.

Nọ́ńbà tí wọ́n sì kọ síwájú ẹ̀rọ ńkọ́? Ẹ wo àwọn lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá rí RMS, agbára tí ẹ̀rọ lè máa pèsè láìdáwọ́ dúró ni wọ́n ń sọ. Bí ẹ bá rí PMPO, ẹ rẹ́rìn-ín kí ẹ sì kọjá. Ìṣẹ́jú bíńtín tí kò sí ẹni tí ó lè fi etí gbọ́ ọ ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀, òfin kan kò sì de ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣírò rẹ̀. Bí kò bá sí lẹ́tà kankan, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà wò. Wọn a máa kọ wáàtì tí ó ń gbà láti ara ògiri síbẹ̀, wọn a sì máa kọ ìwọ̀n fíúùsì. Bí fíúùsì bá jẹ́ áńpù 5, ẹ fi 5 lọ́nà 230 fóòtì, ẹ óò rí 1150. Ẹ̀rọ tí fíúùsì rẹ̀ kò gbà ju 1150 wáàtì lọ láti ara ògiri kò lè máa tú 3000 wáàtì jáde lẹ́nu sípíkà, àfi bí ó bá ní ìyá rẹ̀ tí ń fún un ní ìyókù lábẹ́lẹ̀. Orin kì í fi gbogbo ìgbà lágbára bákan náà, fíúùsì sì lè fara da ìdàgìrì ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ìṣirò yìí kò pé pérépéré. Ṣùgbọ́n ó tó láti já irọ́ ńlá. Fíúùsì ámpílífáyà ìkórè wa jẹ́ áńpù 5.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ibi tí àwa fúnra wa ti ṣẹ̀. Sípíkà kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tí ó fi ń dí iná lọ́nà. Oóòmù ni wọ́n ń pè é. Oóòmù 8 ń dí iná ju oóòmù 4 lọ. Bí a bá so sípíkà méjì olóòmù 8 pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀nà ti di méjì fún iná, ìdènà wọn yóò sì di 4. Bí a bá so mẹ́rin, yóò di 2. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn gbà pé bí sípíkà bá ti pọ̀ sí i ni iṣẹ́ ámpílífáyà ń fúyẹ́ sí i, bí ìgbà tí ènìyàn púpọ̀ bá jọ gbé ẹrù. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni. Bí ìdènà ti ń dínkù ni iná tí ń gba inú tìránsísítọ̀ kọjá ń pọ̀ sí i, tí ooru sì ń pọ̀ sí i. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ wa pé kò gbọdọ̀ kéré sí oóòmù 4. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ìkórè bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ lọ yá àpótí sípíkà méjì sí i kí ariwo lè dé òpópónà, wọ́n so wọ́n mọ́ méjì tí ó wà nílẹ̀, ó di mẹ́rin, oóòmù 2. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn. Èmi tí mo ní oyè ọ̀mọ̀wé dúró tì wọ́n, mo ń yìn wọ́n pé wọ́n kú akitiyan.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí a fi ń ṣẹ́ ẹ̀rọ níṣẹ̀ẹ́. Ámpílífáyà oníhò méjì a máa ní bọ́tìnì kékeré kan tí ó ń pa ihò méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan kí agbára lè pọ̀. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́, ihò kọ̀ọ̀kan yóò máa rí ìdajì ìdènà tí a so mọ́ ọn: sípíkà oóòmù 4 yóò dà bí 2 lójú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ka ẹ̀yìn ẹ̀rọ rẹ̀ dáadáa kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bọ́tìnì náà. Bákan náà, wáyà tí a fi so gìtá mọ́ ẹ̀rọ kọ́ ni a fi ń so ẹ̀rọ mọ́ sípíkà, bí ẹnu wọn tilẹ̀ bára mu. Èkíní tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn kékeré ni wọ́n ṣe é fún. Bí iná ńlá bá gba inú rẹ̀, yóò gbóná.

Nísinsìnyí, iná wa. Ìjọba sọ ECN àti iléeṣẹ́ àwọn ìsédò Ọya di NEPA ní 1972, NEPA di PHCN ní 2005, wọ́n sì ta á fún àwọn oníṣòwò ní 2013, tí Alímòṣọ́ fi bọ́ sábẹ́ Ikeja Electric. Àwọn ọmọ wa ṣì ń kígbe “Up NEPA!” bí iná bá dé, orúkọ náà ti kú, ariwo rẹ̀ kò kú. 230 fóòtì ni ó yẹ kí ó wà lára ògiri. Mo ti fi mítà wọn èyí tí ó wà nílé mi ní alẹ́, 160 ni mo rí. Lára ámpílífáyà àtijọ́ tí ó ní tìránsfọ́mà onírin, agbára kì í dínkù ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú fóòtì, ó ń yára jù ú lọ: bí fóòtì bá di ìdá méje nínú mẹ́wàá, agbára á di nǹkan bí ìdajì. Ẹ̀rọ 300 wáàtì lórí 160 fóòtì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di 145. Ẹni tí ń ta báàsì kò mọ̀. Ó kàn gbọ́ pé ohùn òun kéré ni, ó sì yí bọ́tìnì sókè.

Ibẹ̀ ni ohùn ti ń fọ́. Ìgbì ohùn fẹ́ gòkè, iná tí yóò gbé e gòkè kò sí, orí rẹ̀ á sì gé bẹ́ẹ́ bí ìgbà tí a fi àdá ṣán orí igi. Ìgbì tí a gé lórí a máa bí ohùn tí kò sí lára okùn tẹ́lẹ̀. Okùn tí ń gbọ̀n nígbà 41 á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ní 123 àti ní 205. Àárín ibẹ̀ gan-an ni ohùn ọkùnrin tí ń sọ̀rọ̀ ń gbé. Báàsì ti fi ilé rẹ̀ sílẹ̀, ó ti wọ ilé akọrin. Ìdí nìyí tí oríkì fi ń sọnù, kì í ṣe pé báàsì lágbára jù, agbára rẹ̀ ni kò tó. Òun ni ó sì ń ba sípíkà jẹ́, pàápàá èyí tí ó kéré tí ń mú ohùn òkè jáde. Mo rí àwọn tí wọ́n ń dín báàsì kù nítorí kí ọ̀rọ̀ lè yé ènìyàn. Ì bá dára kí wọ́n kọ́kọ́ wọn iná tí ó ń wọlé.

Àwọn ẹ̀rọ tuntun tí ó fúyẹ́ gba ọ̀nà mìíràn. Ìran àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní AB ń sọ apá ńlá nínú iná tí ó gbà di ooru lásán. Ó ṣòro kí ó tó ìdá méje nínú mẹ́wàá tí yóò di ohùn. Ìran D ń tan iná, ó ń pa á, ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀kẹ́ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ooru rẹ̀ kéré, ìdá mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni ó ń di ohùn. Ẹni tí ó ń fi jẹnẹrétọ̀ tan iná yóò mọ ìyàtọ̀ náà lára epo rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a sọ ní “I better pass my neighbour” kò lè gbé ju nǹkan bí 650 wáàtì lọ fún ìgbà pípẹ́; ẹ̀rọ AB 300 wáàtì lè gba 500 nínú rẹ̀ bí ó bá ń ṣe é tagbáratagbára, kí a má tíì so gílóòbù kan mọ́ ọn. Púpọ̀ nínú ìran D tuntun tún lè jẹ iná láti 100 dé 240 fóòtì láìyẹsẹ̀, èyí tí ó bá àdúgbò wa mu gan-an. Ẹ wò ó lẹ́yìn ẹ̀rọ bóyá wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àìdára tiwọn ni pé bí iná bá ṣèèṣì fò sókè, wọ́n ń tètè kú, oníṣẹ́ ẹ̀rọ àdúgbò kò sì fi bẹ́ẹ̀ lè tún wọn ṣe. Ti AB, ẹni tí ó ń tún rédíò ṣe ní Ìdímù lè pààrọ̀ tìránsísítọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán kan.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí pé èwo ni mo fara mọ́, n óò ní: fún ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní oníṣẹ́ ẹ̀rọ tirẹ̀, tòkunbọ̀ AB tí ó wúwo, tí ó wá láti ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ti pẹ́, sàn ju tuntun tí kò ní orúkọ lọ. Bí owó bá sì tó ìran D olórúkọ, kí wọ́n ra sìtébiláísà tì í, kí agbára sìtébiláísà náà sì tó ìlọ́po méjì ohun tí ẹ̀rọ ń gbà. Bí iná bá lọ, ẹ pa ẹ̀rọ. Bí ó bá dé, ẹ má tàn án lójú ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá. Ámpílífáyà ni a ń tàn kẹ́yìn, òun ni a sì ń kọ́kọ́ pa.

Ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́ kò jìnnà sí wa. Láti Ìgàndò, ọ̀nà LASU yóò gbé yín dé Ìyànà Ìbà. Tòkunbọ̀ àti tuntun, ojúlówó àti ayédèrú, gbogbo wọn ni ó wà níbẹ̀. Ìwúwo nìkan kì í ṣe ẹ̀rí mọ́ bí ó ti rí láyé àtijọ́, nítorí àwọn aláyédèrú ti mọ̀ pé a ń gbé ẹ̀rọ wò, àwọn kan sì lè fi irin tí kò níṣẹ́ sínú àpótí. Ẹ mú gìtá báàsì àti ẹni tí ó lè ta á lọ́wọ́ dání. Kí ó ta okùn tí ó nípọn jù fún ogún ìṣẹ́jú pẹ̀lú sípíkà tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ èyí tí ẹ óò lò nílé, kì í ṣe ìṣẹ́jú méjì tí òǹtajà ń fẹ́. Kí ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́yìn náà: ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò gbọdọ̀ jó yín lọ́wọ́. Kí ẹ gbọ́ bóyá fáànù rẹ̀ ń yí. Bí ohùn kan bá ń kùn nígbà tí ẹni kankan kò ta okùn, kápásítọ̀ inú rẹ̀ lè ti gbó, tàbí kí wáyà ilẹ̀ má sí níbẹ̀. Wáyà ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹni tí ó di okùn irin mú lọ́wọ́, tí ó tún fi ètè kan máíkì, ti fi ara rẹ̀ ṣe afárá fún iná. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ kan rẹ̀ kúrò kò gbọdọ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́.

Ọyẹ́ ni ọ̀tá tí a kì í kà sí. Eruku rẹ̀ a máa dí ihò tí atẹ́gùn ń gbà, bẹ́ẹ̀ ni ti ẹ̀rọ ìkórè wa rí, ó dà bí àpò ìrọ̀rí nínú. Wọ́n sì tún ti da aṣọ funfun bò ó kí ó lè rẹwà.

Ó ku ti àwọn aládùúgbò. Ìkànìyàn 2006 ka 1,277,714 ènìyàn sí ìjọba ìbílẹ̀ Alímòṣọ́, a sì ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ báyìí. Ìgbì ohùn tí ó ń gbọ̀n nígbà 41 gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 27, ó gùn ju ọ̀pọ̀ yàrá wa lọ, ògiri búlọ́ọ̀kù kò sì lè dá a dúró bí ó ti ń dá ohùn ẹnu dúró. Ohun tí aládùúgbò ń gbọ́ nínú orin wa ní òru, báàsì ni. Àjọ ìlera àgbáyé sọ ní 1999 pé ariwo lẹ́yìn fèrèsé ẹni tí ó ń sùn kò yẹ kí ó ju desibẹ́ẹ̀lì 45 lọ. LASEPA sì ti ti ilé ìjọsìn àti ilé àríyá pa rí nítorí ariwo. Àpótí báàsì tí a gbé lé àga tàbí tábìlì, tí a sì fà kúrò ní igun ilé, kì í mi ilẹ̀ tó èyí tí a gbé lélẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ tí ń dúró síwájú rẹ̀ pàápàá ń jẹ̀gbádùn rẹ̀, nítorí ohùn náà á kọjú sí etí wọn dípò orúnkún wọn, wọn kò sì ní máa yí bọ́tìnì sókè.

Sí olùkọ́ wa tí ó kọ lẹ́tà: gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ júwe, tí ó gba nǹkan bí igba ọmọ, 300 wáàtì RMS ní oóòmù 4 tó o, pẹ̀lú àpótí sípíkà méjì olóòmù 8 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbà tó 200 wáàtì. Bí ẹ bá ti rà á, ẹ wá ọ̀dà funfun àti búrọ́ọ̀ṣì kékeré, kí ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní Yorùbá, gàdàgbà, níbi tí ọmọ tí yóò so wáyà yóò ti rí i: SÍPÍKÀ MÉJÌ PÉRÉ. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe sí èyí tí a rà lẹ́yìn ìkórè yẹn. Ìyá tí ó fi ọwọ́ kán ni ó ní kí a kọ ọ́ sí iwájú pẹ̀lú.